Kí O Tó Pa Morẹ́nikẹ́

Ìsọ̀ aláṣọ òfì,
Ẹ̀fọ̀n-Aláayè,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Eyínfúnjowó mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Awakọ̀ tó ń ná Àkúrẹ́ ló mú un wá, ó sì ní o ti sanra díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ara èmi náà le, ara bàbá rẹ le, àfi etí rẹ̀ tó ń di díẹ̀díẹ̀, tí kò sì fẹ́ gbà pé ó ń di. Ó ní àwa la ò sọ̀rọ̀ sókè mọ́ nínú ilé yìí.

Mo rí ibi tí o ti sọ pé ilé iṣẹ́ rédíò ti fi eré ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi lé ọ lọ́wọ́ pátápátá, pé ìwọ nìkan ni wàá máa kọ ọ́ báyìí. Inú mi dùn. Mo ka ibẹ̀ fún bàbá rẹ lẹ́ẹ̀mejì, kó lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó dìde, ó lọ wọ agbádá, ó ní òun fẹ́ jáde díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ lọ sọ fún gbogbo àdúgbò ni.

Ìparí lẹ́tà náà ni kò kúrò lọ́kàn mi. O ní ọ̀rọ̀ Morẹ́nikẹ́ inú eré yín ti sú àwọn olùgbọ́, obìnrin tó fẹ́ bàbá Àṣàbí lẹ́yìn tí ìyá ọmọ náà kú, tó sì ń fìyà jẹ ẹ́. O ní wọ́n ń kọ̀wé wá láti gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó pé kí ó ya wèrè lọ́jà, kí ó sì kú síbẹ̀, ọ̀gá rẹ sì ti ní kí o kọ ikú náà kó dùn létí. O wá bi mí pé, "Màmá, irú ikú wo lẹ rò pé ó yẹ ìyàwó bàbá tó burú tó bẹ́ẹ̀?" Èmi lo bi, ọmọ mi. Èmi ìyàwó bàbá rẹ, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá tó bí ọ ti lọ.

Mo fẹ́ dáhùn. Èsì mi á gùn, torí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ ọ́. Wá àyè jókòó kí o tó máa kà á lọ.

O mọ bí kùrukùru ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wọ àárín ìlú lásìkò yìí. Ó bo ṣọ́ọ̀ṣì, ó bo títì, èèyàn á kàn máa gbọ́ ohùn láìrí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo wà nídìí òfì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọwọ́ mi ń hunṣọ lọ, oorun fẹ́ẹ́rẹ́ sì gbé mi. Mo rí obìnrin kan tó ń bọ̀ nínú kùrukùru náà. Kò wọ bàtà. Ó jókòó sórí àpótí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń wo bí òwú ṣe ń kọjá. Mo kí i, ó kí mi kú iṣẹ́. Mo bi í pé ta ni, ó ní Morẹ́nikẹ́ ni. Ohùn rẹ̀ kò le bíi ti inú rédíò rárá.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò wọ bàtà?"

Ó ní, "Ọmọ yín ò fún mi ní bàtà. Kò fún mi ní ìlú, kò fún mi ní ìyá. Ìgbà tí ìjà bá wà nìkan ni wọ́n máa ń pè mí."

Nígbà tí mo la ojú, àpótí lásán ni mo rí. Mo mọ̀ pé àlá ni. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, bí kùrukùru bá ti ń sọ̀, mo máa ń gbé òwú kúrò lórí àpótí yẹn, kí ẹni tó bá fẹ́ jókòó lè jókòó.

O lè máa rò ó pé kí ni aláṣọ òfì mọ̀ nípa eré kíkọ. Mo mọ díẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ẹgbẹ́ akọrin wa máa ń ṣeré nígbà ìkórè, a sì máa ń gbé e lọ sí àwọn ìlú tó wà nítòsí. Tíṣà tó ń kọ́ wa lórin ló kọ ọ́. Èmi ló fi ṣe ìyàwó ìkà, torí pé mo ga, ohùn mi sì máa ń dún. Nígbà tí mo jágbe mọ́ ọmọ òrukàn inú eré náà, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì hó lé mi lórí. Inú mi dùn, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe ni. Nígbà tí a gbé e dé Ẹ̀fọ̀n níbí, mo fi kún un: mo ti ọmọ náà ṣubú, mo tutọ́ sí i lára, mo ranjú kankan. Ìyá arúgbó kan gbé ọ̀pá dìde, ó fẹ́ wá nà mí, àwọn ọmọ ìjọ ló dì í mú. Ẹ̀rín ni a fi rin gbogbo ọ̀nà padà sílé.

Ní Arámọkọ, ibà ń ṣe mí. Mi ò lágbára ariwo. Ó kan ibi tí mo ti máa lé ọmọ náà jáde sínú òjò, mo dìde, mo sì rí i pé gèlè orí rẹ̀ ti tú. Ọwọ́ mi kàn lọ síbẹ̀ ni. Mo so ó fún un, mo so ó dáadáa, mo wá sọ pé, "Ó yá, máa lọ." Kò sẹ́ni tó hó lọ́jọ́ náà. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, mo sì ń gbọ́ ẹni tó ń fọn imú.

Tíṣà bínú. Ó pè mí sẹ́yìn ilé. "Ta ló ní kí o so gèlè?"

"Gèlè ló tú, sà."

"Ìkà lo jẹ́ nínú eré yìí. Ìkà kì í so gèlè fún ọmọ ọlọ́mọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló wá ń so ó fún un láràárọ̀?"

Ó ní kí n má dán an wò mọ́, mi ò sì dán an wò mọ́, torí pé wọ́n kọ́ wa ká bẹ̀rù àgbà. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé bí Arámọkọ ṣe dákẹ́. Gèlè kan péré ló sọ ìkà di èèyàn, láìyọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò nínú ohun tí tíṣà kọ.

Má sì rò pé eré lásán ni. Nígbà tí bàbá rẹ wá tọrọ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti wò mí nínú eré náà. Ó dìde láàrin ẹbí, ó ní, "Ṣé eléyìí tó ń tutọ́ sí ọmọ aláìníyàá lára ni ẹ fẹ́ mú wọ ulé yìí?" Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Nígbà tí mo sì wọlé tán, bí o bá ti ké pẹ́nrẹ́n, ará ilé á yọrí lójú fèrèsé láti wo ohun tí mo fi ṣe ọ́. Tíṣà ti padà sí ìlú rẹ̀, ó ti gbàgbé eré tó kọ. Èmi ni mo ń gbé inú rẹ̀.

Nítorí náà, bí mo bá gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí Morẹ́nikẹ́, má wò ó bí àwàdà.

Àkọ́kọ́, fún un ní ibi tó ti wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ eré yín. Mo mọ orúkọ ajá bàbá Àṣàbí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìyá tó bí Morẹ́nikẹ́. Ó kàn já wọ ilé náà lọ́jọ́ kan tòun tariwo ni. Kò sẹ́ni tó ń já láti ojú ọ̀run. Jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ wá kí i láti abúlé lẹ́ẹ̀kan, kí ó bi í pé ṣé ìyá àwọn ń jẹun dáadáa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò ní ba eré yín jẹ́.

Èkejì, fún un níṣẹ́ ṣe. Obìnrin tí kì í dáná, tí kì í fọṣọ, tí kì í re oko, tó jẹ́ pé ìkà nìkan ló ń ṣe láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ibo ló ti ń ráyè? Èmi tí mo ń hunṣọ, bí mo tiẹ̀ fẹ́ ṣèkà, òfì ò ní jẹ́. Nígbà tí inú bá ń bí i, jẹ́ kó máa ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Kí ó máa ráhùn nípa Àṣàbí, kí a sì máa gbọ́ bó ṣe ń ju òkúta inú ẹ̀wà tí Àṣàbí máa jẹ sínú páànù. Àwọn olùgbọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n á rò ó fúnra wọn.

Ẹ̀kẹta, kó sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì gbà pé òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ tó ní kí Àṣàbí má bá ọmọ oníbàtà pupa yẹn rìn, ṣé irọ́ ló pa? Oníjìbìtì ni ọmọ náà, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kó fi èébú sọ ọ́, kí òótọ́ rẹ̀ lè rùn. Ìrẹ́jẹ nìyẹn, ọmọ mi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwọ tó ń kọ̀wé ni adájọ́, ìwọ náà sì ni agbẹjọ́rò fún tọ̀tún tòsì, kò yẹ kí o gba rìbá lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ Àṣàbí gan-an wà níbẹ̀. Ọmọ yẹn dára jù. Kì í jí ẹran, kì í purọ́, bí wọ́n bá nà án, orin ìyìn ló ń kọ. Irú ọmọ wo nìyẹn? Mo tọ́ ọmọ rí o. Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí, o jẹ ẹja ọbẹ̀ tán lọ́jọ́ kan, o lọ kó eegun rẹ̀ síwájú ológbò. Mo mọ̀, ológbò náà mọ̀. Jẹ́ kí Àṣàbí máa ṣe bí ọmọ èèyàn, Morẹ́nikẹ́ á rí ààyè mí.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ po. Jẹ́ kí n wá sọ èyí tó wà nínú mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a kóra jọ sí ìsọ̀ mi láti gbọ́ eré náà, bí a ṣe máa ń ṣe. Ìyá Sùlé tó ń ta òwú ní òdìkejì wà níbẹ̀, òun àti àwọn ará Ìwó tó ti pẹ́ níbí. Bàbá rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé etí lé rédíò. Àṣàbí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, "Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti wọ ilé bàbá mi, kò pe orúkọ mi rí. Ẹ̀ẹ̀kan báyìí, kò pè é." Gbogbo wọn pòṣé. Ìyá Sùlé ní, "Kò fẹ́ràn ọmọ náà rárá. Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́." Òfì ni mo kọjú sí. Mi ò lè yíjú padà sí wọn.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo ní, "Ìyá Sùlé, àbúrò ọkọ yín tó ń ránṣọ yẹn, kí lẹ máa ń pè é?"

"Akọ̀wé ni mò ń pè é."

"Ṣé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn?"

"Ó tì o, Múfútàù ni. Ẹ̀yin náà, ṣé èmi á wá máa pe ọmọ tí mo bá nílé ọkọ lórúkọ ni? Ojú mi á ti fọ́ pátápátá nìyẹn." Ó wo rédíò, ó wá wo ẹ̀yìn mi.

Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Kì í ṣe ará Èkó ló gbọ́ ọ tó ṣì í gbọ́. Àwa tí a jí bá àṣà náà, tí a ń fi ṣe ìwà lójoojúmọ́, la jókòó síbẹ̀ tí à ń pòṣé sí ẹni tó ń ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe. Bí o ṣe mọ̀wé kọ tó nìyẹn. Bàbá rẹ ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí a sọ. Nígbà tí eré parí, ó ní, "Obìnrin yẹn le o. Ọpẹ́lọpẹ́ pé irú rẹ̀ ò sí nílé tiwa."

Mi ò mọ̀ bóyá o mọ̀, torí pé kékeré lo ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti ń sùn, kò sì sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún ọ. Ìyàwó tó bá bá ọmọ nílé ọkọ, bí ọmọ náà ò tiẹ̀ tíì rìn, ọkọ rẹ̀ ni. Ó ṣáájú rẹ̀ dé agbolé. Kò gbọdọ̀ la ẹnu pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Inú ara rẹ̀ ló ti máa wá orúkọ tó wuyì fún un. Lọ́jọ́ tí mo dé, àwọn ará ilé ń wò mí bí ẹni tó wá jalè. Ìwọ jókòó lórí ẹní, o rẹ́rìn-ín sí mi, eyín tuntun funfun báláú lẹ́nu rẹ. Ìwọ nìkan lo rẹ́rìn-ín sí mi lọ́jọ́ náà. Mo ní Eyínfúnjowó ni mo máa pè ọ́. Kò sí ọlá tó ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ mi, ká ní mo ní in ni, ǹ bá fún ọ.

Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Mi ò ní fi bò fún ọ, ó dùn mí wọra.

Ìyẹn náà kọ́ ni yóò yí eré rẹ padà. Jẹ́ kí Àṣàbí sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ọmọ tí kò mọ̀dí lè rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a gbọ́ orúkọ tí Morẹ́nikẹ́ fún un, kó pè é nígbà tó bá ń di irun fún un, kí a gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ bó bá ń pè é. Má ṣàlàyé. Àwọn obìnrin tó ń gbọ́ á ṣàlàyé fún ọkọ wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ gáréèjì. Àṣàbí wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, Morẹ́nikẹ́ kò juwọ́ sí i, ó kọ ẹ̀yìn, ó lọ. Mo mọ gáréèjì yẹn. Mo mọ òjò àárọ̀ ọjọ́ náà, mo mọ ọkọ̀ Ìjerò tí wọ́n fi okùn di ilẹ̀kùn rẹ̀. Nílé tiwa ní Òkè-Ìmẹ̀sí, a kì í sunkún lójú ẹni tó ń rìnrìn àjò, kí ẹkún má baà tẹ̀lé e lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ilé ẹlẹ́kọ kan ni mo lọ, mo sunkún títí obìnrin náà fi bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi láìgba kọ́bọ̀. Ṣé o rí i, ìwọ wà nínú ọkọ̀, kò sí bí o ṣe lè rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ̀wé kì í bá ọkọ̀ lọ ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti gbéra, jẹ́ kí rédíò dúró ti Morẹ́nikẹ́ díẹ̀, kí a gbọ́ òjò, kí a gbọ́ òun náà.

Ẹ̀kẹrin ni àbí ìkarùn-ún, mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́. Má sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Mo mọ̀ pé bí o bá sọ ìmọ̀ràn mi fún wọn, ẹnìkan á ní kó lọ sí ìsọjí, kó ṣubú lulẹ̀, kó dìde ní ẹni tuntun. Àwa ará ilé á rẹ́rìn-ín. Ó na Àṣàbí lórí ọ̀rọ̀ ìkòkò tó fọ́, kó jẹ́ pé ó nà án lóòótọ́. Ẹnu rẹ̀ mú, kó máa mú lọ. Èmi náà, o mọ ẹnu mi. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Eré yín ti ge ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò ni, kí ẹ dá a padà sí i ló kù.

Lánàá, lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà rẹ, kùrukùru tún sọ̀, ó bo ìlú títí dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo rí obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, lójú oorun tàbí lójú ayé, mi ò mọ̀. Kò jókòó. Ó dúró níta, ó ní, "Ṣé ẹ máa bá mi bẹ ọmọ yín?" Mo ní mo máa gbìyànjú. Ó wo òkè, ó gba ọ̀nà Òkè-Ìmẹ̀sí lọ, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò kánjú dé ibì kankan.

Mo ti wá bẹ̀ ọ́ báyìí. O béèrè irú ikú tó yẹ ẹ́. Èmi rò pé ikú kọ́ ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ ni, àwọn ọ̀gá rẹ sì ní àṣẹ. Bí wọ́n bá ní dandan ni kó kú, kọ ọ́, má tìtorí mi sọ iṣẹ́ nù. Mi ò ní bínú sí ọ. Oúnjẹ rẹ á máa wà nílé yìí bí o bá dé, bó ṣe máa ń wà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi nígbà náà. Fi ọ̀sẹ̀ tó máa kú ránṣẹ́ sí mi ṣáájú. Àwọn èèyàn á kún ìsọ̀ mi láti gbọ́ ọ. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, bàbá rẹ á sì bá wọn pàtẹ́wọ́ torí pé ìwọ lo kọ ọ́. Mo fẹ́ gbé rédíò fún wọn kí n sì lọ sí oko lọ́jọ́ náà. Mi ò fẹ́ jókòó sáàrin wọn nígbà tí wọ́n bá ń yọ̀ pé mo kú.

Èmi ni,
ìyàwó bàbá rẹ, tí o ń pè ní Màmá.